Owó Ta Ni, Àkáǹtì Ta Ni, Ọdún Mélòó? Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìsánlú Kan Tó Fẹ́ Lọ Kàwé ní Ìlú Ọba

Ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí parí ilé-ìwé girama ní Ìsánlú lọ́dún 2022. Èsì WAEC rẹ̀ dára: A1 nínú ìṣirò àti jọ́gíráfì, B2 nínú físíìsì, B3 nínú kẹ́mísírì, C4 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta gààrí àti èlùbọ́ lọ́jà, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta irin àti símẹ́ńtì ní Àbújá ló sì ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Bàbá Àbújá ni gbogbo ilé ń pè é. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, àwọn fúnra wọn sì gbà pé kí n kọ ọ́, torí àwa tí à ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti wá ilé-ìwé sí òkè òkun ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogí, a kì í sì í jókòó bá ara wa sọ ohun tí ojú wa rí.

Jiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ni ọmọ náà fẹ́ kà. Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú, ilẹ̀ wa kún fún ohun àlùmọ́nì. Wúrà àti tàǹtáláìtì ni àwọn awakùsà ń wá kiri inú oko àti etí odò, àárín ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ láìdí ni ọmọ yìí sì dàgbà sí. Ó ní agolo mílíìkì kan tó ń kó òkúta sí. Nígbà tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi ní Kàbà, ó mú máíkà kan jáde láti inú rẹ̀, ó fi èékánná ṣí i ní ìpele-ìpele bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, ó ní kí n gbé ìpele kan sókè kí n fi wo oòrùn. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi ìdí tí omi fi ń dúró nínú àwọn ihò kan títí di àárín ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn mìíràn sì ń gbẹ kété tí òjò bá dá. Kò sí tíṣà tó kọ́ ọ. Ó ti ń wò wọ́n tipẹ́ ni.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ajẹ́ǹtì kan ní Àbújá ti gbowó lọ́wọ́ Bàbá Àbújá, ó sì ti bá a fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ nípasẹ̀ UCAS, ibi tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ìwọlé sí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà kọjá. Yunifásítì márùn-ún ni wọ́n gba ẹnì kan láyè láti mú. Ajẹ́ǹtì mú márààrún, gbogbo rẹ̀ sí ọdún kìn-ín-ní. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2023 fi ń parí lọ, mẹ́rin ti kọ̀ ọ́. Ọmọ náà gbà pé ọpọlọ òun ni kò tó. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ọpọlọ kọ́. Lójú ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀, ẹgbẹ́ GCSE ni WAEC, ìyẹn ìdánwò tí àwọn ọmọ tiwọn ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16. Ọdún méjì A level ṣì wà láàárín rẹ̀ àti yunifásítì. Ẹni tó ní WAEC nìkan yóò sábà kọ́kọ́ ṣe ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní foundation, tàbí kó ṣe A level, tàbí IJMB tàbí JUPEB tó jẹ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, nílé, bí yunifásítì tó ń lọ bá gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí wà lójú ewé ìwọlé yunifásítì kọ̀ọ̀kan, ní abẹ́ orúkọ Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ òbí sì yẹ kó ti kà á kó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ. Yunifásítì karùn-ún ló ní kí ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ìpìlẹ̀, kó sì kọ àlàyé tuntun ránṣẹ́ lórí ìdí tó fi fẹ́ ka jiọ́lọ́jì.

Mo wo àlàyé tí ajẹ́ǹtì kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ pé láti kékeré ni òun ti nífẹ̀ẹ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì parí pé òun fẹ́ gbé orílẹ̀-èdè òun ga. Gbólóhùn méjèèjì yẹn ni mo ti rí tẹ́lẹ̀ nínú ìwé ọmọ Ìyàrà kan tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní kí ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ ihò kùsà tó sọ fún mi, kó kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó kọ ọ́. Ó kọ nípa ihò kan lẹ́yìn oko ìyá ìyá rẹ̀, bí omi inú rẹ̀ ṣe ń yí àwọ̀ padà, àti ìbéèrè tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nípa ohun tí omi náà ń gbé lọ sínú kànga. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tó fi ránṣẹ́, wọ́n fún un ní àyè. Ìjọ gbọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gbé ọrẹ.

Ibi tí gbogbo wa ti ń yọ̀ yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí fara balẹ̀ bá mi wò ó, torí kò tíì sí ẹni tó ṣe ìṣirò owó títí di ìgbà náà. Ajẹ́ǹtì kò ṣe é, ilé kò ṣe é. Owó ẹ̀kọ́ ọdún ìpìlẹ̀ jẹ́ 14,000 pọ́ùn. Yunifásítì fẹ́ gba 3,000 sílẹ̀ kó tó fún un ní ìwé CAS tí a fi ń béèrè físà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí ibi tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù fi owó ìgbọ́bùkátà oṣù mẹ́sàn-án hàn, 1,023 pọ́ùn lóṣù nígbà náà, àpapọ̀ rẹ̀ 9,207. Bí a bá fi èyí kún owó ẹ̀kọ́ tó kù nílẹ̀, 20,207 pọ́ùn gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín nígbà kankan.

Láàárín wa níbí, ta ni yóò jókòó síwájú ẹni tó ń ṣe ọmọ òrukàn lóore kó ní, “Ẹ jẹ́ ká rí àkáǹtì yín”? Ìyá ọmọ náà bẹ̀ mí. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn á ṣe é, wọ́n á ṣe é.” Ìbẹ̀rù rẹ̀ yé mi. Bí ọkọ bá ti kú, ojú rere àwọn ará ilé ọkọ ni obìnrin ń wò, ọ̀rọ̀ tó bá dà bí àìfọkàntán lè ba nǹkan ọdún mẹ́wàá jẹ́. Irú ìtìjú yìí ló ń jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó sí ìparí, a ó ti fi orúkọ yunifásítì dá ọmọ nínú dùn kí ẹni tí yóò sanwó tó mọ iye tí à ń sọ.

Bàbá Àbújá wá sílé fún ọdún Àjíǹde, mo bá ìyá náà lọ sí Ìsánlú. Ó ṣe wá dáadáa. Ó kí wa, “Ọ̀kun o, ọ̀kun o,” ó gbé àga, ó ní owó ti wà nílẹ̀. Mo béèrè pé àkáǹtì ta ni owó náà wà. Ó ní tòun ni. Mo béèrè pé tí ọdún ìpìlẹ̀ bá parí, ọdún mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ojú rẹ̀ yí padà. “Tíṣà, ṣé ẹ rò pé màá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé ojú ọ̀nà kí n wá fi í sílẹ̀?”

Mo ní, “Rárá o, sà. Ìjọba wọn ni kò mọ̀ yín bí àwa ṣe mọ̀ yín.”

Mo wá ṣàlàyé òfin fún un. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi béèrè físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, tàbí ti bàbá tàbí ìyá tó bí i, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, tí ìwé kóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ka àbúrò bàbá sí i, bó ti wù kó ti ń sanwó tó. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀?” Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ìyá ọmọ ń fi ìborùn nu ojú. Ajẹ́ǹtì tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ lọ́yà yóò tó.

Ọ̀nà méjì ló kù. Èkíní ni kí owó wọ àkáǹtì ìyá, ṣùgbọ́n ìwé ìbí ọmọ ni yóò fi hàn pé ìyá rẹ̀ ni, ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù nìkan ni ọmọ náà sì ní. A máa ní láti lọ gba ti NPC, àjọ tó ń kọ ìbí ọmọ sílẹ̀. Èkejì ni kí owó wọ àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Ó ti pé ọdún 18, òfin gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìlá náírà ní orúkọ ọmọdé! Bàbá Àbújá bẹ̀rù ọwọ́ ọmọ, ìyá bẹ̀rù ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, torí gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń fojú ará ọ̀nà Kàbà àti Ìsánlú rí. Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n ṣí àkáǹtì náà ní Àbújá, kí ọmọ má gba káàdì ATM, kó má sì gbé báǹkì sórí fóònù. Mo fara mọ́ ọn.

Ìbéèrè kejì, ti ọdún mẹ́ta tó kù, ìbúra ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọn kò fi iye kankan dáhùn.

Ẹnì kan yọjú láàárín kan ní Àbújá. Ó ní ká má wulẹ̀ dààmú, àwọn kan wà tí wọ́n ń yá ènìyàn ní owó tí yóò jókòó sí àkáǹtì fún ọjọ́ 28, wọ́n á sì tẹ stétímẹ́ǹtì rẹ̀ jáde, kí a san iye kan fún wọn. Mo sọ fún Bàbá Àbújá tààrà pé tí ó bá gba ọ̀nà yẹn, kí ó wá ẹlòmíràn tí yóò bá a ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ físà ń pe báǹkì láti wádìí. Ẹni tí wọ́n bá ká ìwé ayédèrú mọ́ lọ́wọ́, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn, orúkọ ọmọ ló sì máa bàjẹ́, kì í ṣe ti ayánilówó. Ó gbà. Oníṣòwò ni, ó mọ bí ayédèrú ọjà ṣe ń ba orúkọ jẹ́.

Wọ́n san 3,000 pọ́ùn yẹn. Fọ́ọ̀mù A, tó yẹ kí báǹkì fi ta pọ́ùn fún òbí ní iye ìjọba, ń falẹ̀, wọ́n sì rà á lọ́jà dúdú ní iye tó ga ju ti ìjọba lọ dáadáa. Ní òpin oṣù karùn-ún, mílíọ̀nù méjìlá náírà àti díẹ̀ wọ àkáǹtì ọmọ. Nígbà yẹn, pọ́ùn kan jẹ́ nǹkan bíi 580 náírà ní iye ìjọba, 20,207 pọ́ùn kò sì pé mílíọ̀nù 12.

Bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ lọ ni yunifásítì pe ọmọ náà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó lè fún un ní CAS. Ọ́fíìsì mi ní Kàbà ló ti ṣe é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìsánlú kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. A pa jẹnẹrétọ̀ nítorí ariwo, a fi bátìrì gbé kọ̀ǹpútà. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi mú ìlú náà, ó dáhùn. Wọ́n bi í ní ohun tí yóò kọ́ ní ọdún ìpìlẹ̀, ó kà á bí adúrà. Ọkùnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò wá béèrè pé ta ni yóò san owó ọdún kejì. Ọmọ náà ní àbúrò bàbá òun ni. Ọkùnrin náà ní ṣé ó mọ iye tó máa jẹ́? Ó wojú mi. Kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tó ń lọ sílé, ó ní, “Tíṣà, ìyẹn nìkan ni mi ò lè dáhùn.”

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ọjọ́ 28 kò tíì pé, Báǹkì Àpapọ̀ tú iye náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ ọ́. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Pọ́ùn sún mọ́ 980. Iye tí OANDA, ojúlé ayélujára tó ń sọ iye pàṣípààrọ̀ owó, bá gbé jáde lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi fọ́ọ̀mù físà sílẹ̀ ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣírò owó ilẹ̀ òkèèrè. Owó tó tó tán ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá ń fẹ́ kó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 19.8. Tí wọ́n bá sì wá èyí tó kù kún un, kíka ọjọ́ 28 yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí owó pé.

Bàbá Àbújá ní òun yóò ta ilẹ̀ kan ní Lọ́kọ́ja. Mo ní kó má tíì tà á, ká pàdé ní Lọ́kọ́ja náà kí a jókòó. Òun, ìyá ọmọ, ọmọ àti èmi la jọ pàdé. Mo mú ìwé kan tí mo fa ìlà sí: ọdún mẹ́rin, owó ẹ̀kọ́, oúnjẹ àti ilé. Tí a bá fi 23,000 pọ́ùn sí ọdún kan, láìtíì ka físà, owó ìlera àti ọkọ̀ òfuurufú, ó jẹ́ 92,000. Ní 980, ó kọjá mílíọ̀nù 90 náírà. Bàbá Àbújá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n fi 580 àtijọ́ ṣe é. Mo fi ṣe é: ó lé ní mílíọ̀nù 53. Ó ní, “Tíṣà, n kò fìgbà kan ní èyí náà.”

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí olùdámọ̀ràn kọ̀ọ̀kan gbé sọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà yẹn, náírà ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi, ó sì lẹ́bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó ọdún mẹ́rin kò sí nílẹ̀ kí náírà tó já. Ọdún kan ló wà nílẹ̀, ìfẹ́ àti ìtìjú ló sì bo ọdún mẹ́ta tó kù. Ká ní náírà kò já, ọmọ náà ìbá lọ, Bàbá Àbújá ìbá ta ilẹ̀ lọ́dún kejì, ìbá ta ọjà ìsọ̀ rẹ̀ lọ́dún kẹta. Àwọn kan ní ọmọ á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wákàtí 20 ní ọ̀sẹ̀ ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ dígírì láyè láti fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá wà. Ó lè ran oúnjẹ lọ́wọ́, kò lè san owó ẹ̀kọ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè.

Wọ́n bẹ yunifásítì pé kó sún ìwọlé sí ọdún 2024, ó gbà, ó sì pa 3,000 yẹn mọ́ sílẹ̀. Dípò kí ọmọ jókòó sílé, ó lọ ṣe IJMB, ìdánwò tí Yunifásítì Àmọ́dù Béló ní Sáríà ń bójú tó, nínú ìṣirò, físíìsì àti jọ́gíráfì. Èrò wa nípa rẹ̀ ni pé owó rẹ̀ jẹ́ ti náírà, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn méjì: àwọn yunifásítì kan ní Ìlú Ọba lè gbà á dípò ọdún ìpìlẹ̀, Direct Entry JAMB sì ń lò ó láti fi wọ ọdún kejì nílé. Ó gba point 13 nínú 16.

Àsìkò tí èsì fi jáde, Ìlú Ọba ti jìnnà sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kọjá 1,500 náírà. Owó físà akẹ́kọ̀ọ́ ti kúrò ní 363 pọ́ùn, ó di 490. Owó ìlera ọdún kan ti kúrò ní 470, ó di 776. Ní oṣù karùn-ún, ìròyìn gbòde nípa yunifásítì kan ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò rí owó ẹ̀kọ́ san nítorí náírà, tí wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò nílùú. Ìyá ọmọ yìí gbọ́ ọ lórí rédíò, ó pè mí láàárọ̀ kùtù. Kò sọ púpọ̀. Ó kàn ń sọ pé, “Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni.”

Wọ́n kọ̀wé pé ọmọ kò wá mọ́. Yunifásítì kò dá 3,000 náà padà. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi físà dù nìkan ló ń gbà á padà. Owó ńlá ni, ó dun Bàbá Àbújá, ó sì dùn mí. Ilẹ̀ Lọ́kọ́ja ṣì wà, ìsọ̀ ṣì wà. Ọmọ náà wọ ọdún kejì jiọ́lọ́jì ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílé.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ju owó yẹn lọ ni ọ̀nà tí a kò gbìyànjú rárá. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé báyìí, tí ilé rẹ̀ kò lówó, tó sì ní ìtàn bíi ti ihò kùsà yẹn, irú rẹ̀ ni àwọn yunifásítì tó ń san gbogbo owó akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Ní Amẹ́ríkà, Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ń di àlàfo owó ẹni tí wọ́n bá gbà. Ó ṣòro láti wọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń kọ̀. Ọ̀nà náà sì gùn: ìdánwò SAT, ìwé àwọn tíṣà, fọ́ọ̀mù owó òbí tí wọ́n ń pè ní CSS Profile, gbogbo rẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti SS2. Ibùdó EducationUSA tó wà ní Àbújá ní ètò kan nígbà náà tó ń ran àwọn ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ láti san owó ìdánwò àti fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ti wọ yunifásítì nílé, wọ́n á kà á sí ẹni tó ń ti ibòmíràn bọ̀, ìrànwọ́ irú wọn sì kéré. Ká ní ẹnì kan ti bi ilé náà ní ìbéèrè owó lọ́dún 2021, ibi tí ọmọ yìí ìbá kọ́kọ́ kọjú sí nìyẹn.

Láti ìgbà náà, n kì í la ojú ewé yunifásítì kankan fún ọmọ kí n tó gba ìwé kan lọ́wọ́ ẹni tí yóò sanwó. Ó kọ orúkọ ẹni tó ni owó sí i, bó ṣe tan mọ́ ọmọ, àkáǹtì tí owó wà, àti iye tó lè yọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ọdún tí ẹ̀kọ́ yóò gbà, ní pọ́ùn tàbí dọ́là. Mo ń fi ìdajì iye náírà kún un láti wò bóyá ilé yóò ṣì dúró tí náírà bá tún já. Níbi tí ìtìjú bá wà, mo máa ń sọ pé ìjọba òyìnbó ló ń béèrè, òótọ́ sì ni. N kì í jẹ́ kí ìyá opó ni yóò gbé ìbéèrè náà lọ fún àna rẹ̀, èmi ni mo ń gbé e lọ. Bí ìwé bá fi hàn pé ọdún kan péré ló wà nílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọmọ kò ní lọ, ọ̀nà ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àti IJMB la ó kọ́kọ́ mú.

Àsìkò tó ń rọrùn jù fún un ní ilẹ̀ wa ni ìsinmi Kérésì tí ọmọ bá wà ní SS2. Àwọn ará Àbújá àti Èkó ti wá sílé, gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà lábẹ́ òrùlé kan náà, ó sì kù ju ọdún kan lọ kí ọmọ tó jókòó ṣe WAEC.